Orogún Mi Onípákó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kejì

Ó jẹun lónìí. Búrẹ́dì àti ẹyin díndín, ó sì fi ìka nu àwo. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà dà bíi pé mo lá a.

Láti ọjọ́ tí dókítà ojú ti sọ̀rọ̀ yẹn ni ọkọ mi ti kọjú sí ògiri. Ojú ọ̀tún ti lọ pátápátá. Dókítà ní tòsì náà ń tẹ̀lé e, pé oògùn tí à ń kán sí i kàn ń dá a dúró díẹ̀ ni, pé kí a má retí pé á kọjá àárín ọdún. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó tún bá wa ṣí ilẹ̀kùn. Ọkọ mi tó ń lu ara mọ́tò láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, tí òòlù rẹ̀ kì í jẹ́ kí àdúgbò sinmi lọ́sàn-án, kò lu nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń jókòó. Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní, "O ṣeun, Abẹ́rẹ́," á sì fi í sílẹ̀ fún eṣinṣin. Abẹ́rẹ́ ló ń pè mí, nítorí aṣọ tí mò ń rán àti nítorí ẹnu mi.

Láàárọ̀ yìí ó jáde, kò sọ ibi tó ń lọ. Nígbà tó dé, ẹrẹ̀ ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Mo ti ra ọkọ̀ ojú omi kan."

"O ra kí ni?"

"Ọkọ̀ onígbòkun. Ó ti pẹ́ díẹ̀ ṣá."

"Kí lo fi rà á?"

Ó ní òun ti ta ẹ̀rọ tí òun fi ń jó irin.

Mo pariwo débi pé ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé, mo ní ta ló ń ta irinṣẹ́ tó ń bọ́ ọ torí igi jíjẹrà. Ó jókòó, ó fa àwo sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo pa ẹnu mi mọ́ láàárín ọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Mo ti lọ wò ó. Orí gẹdú méjì ló wà lẹ́yìn èbúté, láàárín àwọn àgbá tó ti dípẹtà. Ó gùn tó yàrá wa àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tá a bá so wọ́n pọ̀. Koríko ti hù nínú rẹ̀, adìyẹ sì ti yé ẹyin sínú yàrá kékeré tó wà níwájú. Àlàfo tó wà láàárín pákó rẹ̀ tóbi débi pé mo ki ìdí ṣíbí bọ̀ ọ́. Òpó rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá tó ni ọgbà náà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Èbúté, tó ń gbowó ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tó sì ń ta okùn, dúró, ó kápá lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ kú oríire o." Mi ò mọ̀ bóyá ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ọkọ mi ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara ọkọ̀ náà káàkiri. Bàbá rẹ̀ fi ìgbòkun kó ẹrù títí àwọn ọlọ́kọ̀ ẹ́ńjìnnì fi gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Irùngbọ̀n ọkọ mi ò tíì hù tó ti ń di ìtọ́kọ̀ mú. Bí a ṣe ń bọ̀ nílé, mo ní kó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, kí ló ń wá gan-an.

Ó ní, "Mo fẹ́ ta ìgbòkun, kí n di ìtọ́kọ̀ mú, kí n fi ojú ara mi wo omi láti ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kó tó ṣú. Ìyẹn nìkan ni."

Mo ní ó dáa. Mo ní màá bá a ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò ní wọ inú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé omi tó bá ti ju garawa ìwẹ̀ lọ, èmi àti ẹ̀ kì í ṣọ̀rẹ́. Ó ní àbúrò òun á bá òun lọ. A jọ gbà bẹ́ẹ̀.

Orogún mi ni mo sọ ọkọ̀ náà. Tí wọ́n bá máa kó obìnrin mìíràn lé mi lórí, ó yẹ kó lórúkọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìṣó onídẹ, páálí kékeré kan, owó ìránṣọ méjì gbáko. Ìṣó lásán ò wọ́n, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ á jẹ ẹ́. A ra onídẹ. Pákó ìsàlẹ̀ méjì jẹrà, a pààrọ̀ wọn pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ kápẹ́ńtà tó ń kan àga. Obìnrin kan bi mí ìgbà tí kaba òun á jáde. Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé kaba rẹ̀ ti di ìdí ọkọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àbúrò ọkọ mi dé. Òun ló máa ń kun mọ́tò tí ọkọ mi bá lù tán. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mò ń pè é láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn rẹ̀ ti ń ṣáájú rẹ̀ wọlé báyìí. Ó kó ẹ̀rọ tó fi ń ha ara mọ́tò dání, àti ìbọn tó fi ń fọ́n ọ̀dà, àti àwọn agolo ńlá tí àtè líle wà nínú wọn, èyí tí wọ́n fi ń dí ibi tí mọ́tò bá ti lu. Tó o bá po àtè yẹn tán, kó o tó yíjú padà ó ti le koko.

Ọkọ mi fi ìka wo àlàfo àárín pákó, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé èyí náà ni? Mo ti dí ihò tó jù báyìí lọ lára bọ́ọ̀sì."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ara ni ara ń jẹ́. Tá a bá ṣe é tán, wọn ò ní mọ̀ pé igi ni."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ń pàṣẹ, ó ń bú àbúrò rẹ̀, ó ń kọrin. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ tó sọnù padà fún.

Ìyá Èbúté kọjá, ó dúró díẹ̀. "Ẹ̀yin ò ní kọ́kọ́ bu omi sí i lára fún ọjọ́ mélòó kan ná?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Ìyá, inú omi náà ló ń lọ. Omi tó máa rí níbẹ̀ á tó o."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín. Ìyá Èbúté gbé okùn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Oòrùn mú gan-an. Ọkọ mi gbé òòlù sílẹ̀ kó lè nu òógùn. Nígbà tó tún fẹ́ mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í táràrà sọ́tùn-ún sósì. Òòlù náà wà níwájú orúnkún rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ojú mi, mo wo tirẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ ti òòlù náà títí ó fi kan ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ibí náà ló wà."

Mo ní, "Ibẹ̀ náà ló wà."

Mo lọ sẹ́yìn àwọn àgbá, mo sunkún, mo fi etí aṣọ mi nu imú, mo padà wá gbá ilẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ béèrè iye aṣọ ìgbòkun gidi. Nígbà tí ọkùnrin náà dá iye lé e, mo kí i, mo ní ó dàárọ̀, ọ̀sán gangan sì ni.

Ọkùnrin kan wà tó ń gbé àwòrán ìpolówó kọ́ sórí pátákó ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo máa ń bá a tún ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó fún mi ní ọ̀kan tí wọ́n ti yọ kúrò, aṣọ rọ́bà tó yi, tó fẹ̀ ju ilé wa lọ. Ọṣẹ ìfọyín ni wọ́n fi ń polówó. Ẹnu obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín ló wà lára rẹ̀, ehín kọ̀ọ̀kan tó abọ́ ìfọṣọ. Bó ti wù kí n gé e tó, ẹnu yẹn gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín.

Ọkọ mi ní, "Ìgbòkun bàbá mi, funfun ni."

Mo ní, "Bàbá ẹ lówó ìgbòkun."

Ó bínú, kò jẹ oúnjẹ alẹ́. Ìbínú nìyẹn o, kì í ṣe ògiri. Inú mi dùn sí i. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti ṣẹ́ abẹ́rẹ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta

Wọ́n kùn ún tán. Búlúù ni, ó ń dán débi pé mo fi í wo gèlè mi. Àṣẹ́kù ọ̀dà mọ́tò ọlọ́lá kan ni, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. O ò lè rí àlàfo kan lára rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń kọjá ń fọwọ́ kàn án.

Ọmọ wa obìnrin pè mí lórí fóònù. "Mọ́mì, kí ni mò ń gbọ́ yìí? Dádì tí ò ríran lẹ fẹ́ kó wọ ọkọ̀ ojú omi?"

Mo ní, "Ó ṣì ń ríran."

"Ẹ jẹ́ ká kó owó yẹn sórí oògùn."

"Oògùn ò jẹ́ kó jẹun. Ọkọ̀ ló jẹ́ kó jẹun."

Ó ní kí n gbé fóònù fún bàbá òun. Mo jókòó, mo ń gbọ́ bí ọkọ mi ṣe ń ròyìn àwọ̀ náà fún un, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ tuntun. Ó ní ó mọ́ bí ọ̀run lẹ́yìn òjò. Mo mọ̀ pé ó fi imú kan ọkọ̀ náà kó tó rí i tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó wọ omi! Àwọn ọkùnrin èbúté bá wa tì í, ó yọ̀ lọ geere, ó léfòó. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Òpó ṣì kù ní gbígbé dúró, atẹ́gùn ò sì sí, nítorí náà a so ó mọ́lẹ̀ síbẹ̀ di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkọ mi ò fẹ́ wálé. Ó jókòó sí etí omi, ó ń wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó wá sọ pé, "Abẹ́rẹ́, mo ń rí i dáadáa."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ èyí.

A ò tíì dé etí omi tí mo ti ń gbọ́ ọ, kà, kà, bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná. Orogún mi ló ń dún. Àtè tí wọ́n fi dí i ń yọ jáde gbọọrọ gbọọrọ, ọ̀dà búlúù ń ṣí tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó kọlù ú. Kò sí ìjì. Ó kàn ń fọ́ fúnra rẹ̀. Nínú rẹ̀, mẹ́ta lára àwọn igi títẹ̀ tí wọ́n ń pè ní egungun ìhà ti ṣẹ́, omi sì ti dé ibi tí adìyẹ yé sí.

Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Kí ló ń dún yẹn?"

Ó wà níwájú rẹ̀, kò rí i. Èmi ni mo sọ fún un.

Wọ́n fi okùn wọ́ ọ padà sórí gẹdú. Mo di ọkọ mi lọ́wọ́ mú wálé. Lójú ọ̀nà ó fẹsẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Ògiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín yàrá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀bi mi ni. Àtè yẹn ló ti bàjẹ́. Màá ra òmíràn."

Ọkọ mi ò yíjú. Ó ní, "Dìde, ilẹ̀ tutù."

Mo bá àbúrò ọkọ mi jáde, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ìyàwó ilé sọ sí i. Mo ní òun ló sọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ẹni tí ìrètí rẹ̀ fọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má pa mí, mo ti kú ná." Ó ń sunkún. Èmi náà sì ń sunkún, ojú sì ń tì mí, a dúró ságbàlá bí àwọn tí ilé wọn jó.

Ọkọ mi ò jẹun láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àfi tíì. Mo ń bẹ̀rù pé kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan ló ń lọ. Mo kọ ọ́ síbí torí mi ò lè sọ ọ́ síta: tó bá ń bá a lọ báyìí, màá sin ín kí òjò ọdún yìí tó dá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Oníbàárà kan gbé aṣọ tuntun wá, ó ní kí n gé e lójú ẹsẹ̀. Mo dá a lóhùn bí mo ṣe ń dá gbogbo wọn lóhùn: "Ẹ lọ rẹ ẹ́ sómi ná, Mà. Ẹ jẹ́ kó súnkì tán kí n tó gé e. Tí mo bá rán an ní gbígbẹ báyìí, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, gbogbo ojú rírán ló máa..."

Mi ò parí rẹ̀. Mo ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, mo fi ìyá oníyàá sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo gba èbúté lọ. Sìlípáàsì mi kan já lọ́nà, mo gbé e dání.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Èbúté. "Mà, ẹ̀yin ló ní ká bu omi sí i. Kí nìdí?"

Ó wò mí títí. "Ìgbà yẹn, ẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Igi tó ti gbẹ lórí ilẹ̀ láti ọdún tó ti pẹ́, tó bá rómi, ṣé kò ní wú ni? Ẹ ti fi òkúta dí ibi tó máa wú sí. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó fọ́ egungun ara rẹ̀." Ó jókòó sórí òkìtì okùn. Ó ní ọkọ òun tó ti di olóògbé, òwú rírọ̀ ló máa ń kì sáàárín pákó, díẹ̀díẹ̀, kò ní jẹ́ kó le. Lẹ́yìn náà á so ọkọ̀ mọ́ òpó níbi tí omi kò ti jìn, á jẹ́ kó rì.

"Kó rì, Mà?"

"Kó rì. Tí igi bá mu yó, á dì pọ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa wá gbọ́n omi inú rẹ̀."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ gbogbo èyí lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ẹ ò bi mí."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sọ ọ́ fún, torí ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Mo sọ̀rọ̀ aṣọ, mo sọ̀rọ̀ igi, mo sọ̀rọ̀ òwú.

Ó ní, "Irin kì í mu omi."

Mo ní, "Kì í mu ún."

"Láti kékeré ni mo ti ń bá irin ṣiṣẹ́. Bàbá mi ni ì bá rán mi létí." Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. "Abẹ́rẹ́, bá mi wá bàtà mi."

Bàtà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fi wọ̀ ọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin

Gbogbo ohun tí wọ́n fi ayọ̀ dí, a ń fi ìbànújẹ́ ha á kúrò. Àtè náà le ju ọkàn ìyá ọkọ lọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń ṣe é láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Àwọ̀ búlúù yẹn ti dà bí ara ajá tí irun rẹ̀ ti já. Ọkọ mi ti kan egungun ìhà tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ṣẹ́, torí owó ò tó láti yọ wọ́n. Ó ń fi ìka wá ibi tí ìṣó máa wọ̀, ó sì lu àtàǹpàkò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a di ìṣó mú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

A ti ki òwú tán sínú àlàfo apá ọ̀tún. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń lọ́ òwú, ìyẹn ò nira fún mi. Èmi ni mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má kì í jù.

Lọ́sàn-án, ọkọ mi bi mí pé ṣé ilẹ̀ ti ń ṣú ni, kí a kó irinṣẹ́. Oòrùn wà ní àtàrí wa. Mo ní kùrukùru ló bo ojú ọ̀run. Mi ò purọ́ fún un rí tẹ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, torí oòrùn ń jó o lẹ́yìn ọrùn. Ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ nígbà náà."

Olúwa, díẹ̀ sí i. Mi ò bèèrè púpọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

A rì í lónìí.

A so ó mọ́ òpó mẹ́rin. Bó ṣe kan omi báyìí ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti gbogbo ara rẹ̀. A dúró, a ń wò ó. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ lóṣù tó kọjá ti tún péjọ, ọ̀kan ní, "Ẹ wá wo àwọn tó fọwọ́ ara wọn tún ọkọ̀ ṣe kí wọ́n lè rì í." Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Omi dé ìjókòó, ó dé yàrá iwájú, ó wá ku etí ọkọ̀ nìkan lókè. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ jáde, ó sì dún bí ẹni tó mí kanlẹ̀.

Ọkọ mi kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ní, "Ó ti lọ?"

Mo ní, "Ó ti lọ."

Ó di apá mi mú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Òjò. Ó ṣì wà nísàlẹ̀. Ọkọ mi ní ojú fèrèsé ti ń dà bí aṣọ tí wọ́n sá, pé òun ò rí irin ara rẹ̀ mọ́. Tí mo bá ti ṣe àṣìṣe, mi ò ní lè dárí ji ara mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

A gbọ́n omi láti àárọ̀. Garawa, abọ́, agolo àtè yẹn gan-an. Lákọ̀ọ́kọ́ kò hàn pé ó ń dín, mo rò pé òkun la fẹ́ gbọ́n gbẹ. Lẹ́yìn náà etí rẹ̀ gbéra. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pariwo. Bí a ṣe ń gbọ́n ni ó ń gòkè, títí tó fi tún jókòó sórí omi bí ẹni tí kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ọkọ mi wọ inú rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀lé pákó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àlàfo tí mo ki ṣíbí bọ̀ ti pa dé. A dúró títí di ìrọ̀lẹ́. Omi tó wọlé kò ju èyí tí èèyàn lè fi kánrinkán fà lọ.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti lọ sílé wọn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Òpó ti dúró, ìgbòkun ti wà lára rẹ̀. Kò sí atẹ́gùn rárá. Ẹnu obìnrin ọṣẹ ìfọyín rọ̀ jọwọlọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Atẹ́gùn ló jí mi. Ọkọ mi ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí fèrèsé.

Ó ní, "Abẹ́rẹ́, mo ṣì rí ìmọ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá màá rí i lọ́la."

Mo ní, "Àbúrò ẹ ò sí nílé. Mọ́tò oníbàárà ló gbé lọ, ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta."

"Mo mọ̀."

Kò bẹ̀ mí. Ká ní ó bẹ̀ mí ni, ǹ bá rí nǹkan sọ. Ó kàn jókòó síbẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ fèrèsé sí i lójú. Mo dìde, mo wá bàtà rẹ̀.

Ìyá Èbúté wo ojú mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú túúbù táyà mọ́tò, ó kó o sí mi lábẹ́ apá, ó fi okùn dè é mọ́ mi bí ẹrù. Ó ti ọkọ̀ kúrò létí omi. Ọkọ mi jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, ó fi okùn ìgbòkun lé mi lọ́wọ́, ó ní tóun bá ní kí n fà, kí n fà, tóun bá ní kí n tú u, kí n tú u. Mo jókòó sísàlẹ̀ pátápátá, mo sì pa ojú mi dé.

Ìgbòkun dún pàá. Ọkọ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo pe Ọlọ́run, mo pe ìyá mi, mo pe àwọn tí mo jẹ ní aṣọ, mo ní màá rán gbogbo rẹ̀. Omi ń sáré kọjá lẹ́yìn pákó tí mo fara tì, pákó kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, mo sì mọ iye òwú tó wà nínú rẹ̀.

Mo wá gbọ́ ẹ̀rín. Ọkọ mi ló ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ń tàn," ló ní. "Abẹ́rẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń tàn!"

Ọkọ̀ sáré bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn ọkọ mi wálẹ̀. "Àmọ́ títàn yẹn nìkan ni mo rí. Mi ò rí nǹkan tó wà nínú ẹ̀. Kí ló wà níwájú wa?"

Àwa méjì la wà nínú ọkọ̀, kò sì sí èyí tó ń wo ibi tí à ń lọ.

"Abẹ́rẹ́. Kí ló wà níwájú?"

Mo la ojú mi.

Mo ní, "Omi ni."

"Mo mọ̀ pé omi ni. Irú omi wo?"

Mo gbé orí sókè díẹ̀. Mo ní ó dúdú lápá òsì níbi tí ìkùukùu ṣíji bò, pé ó dà bí ẹ̀yìn aṣọ sátínì lápá ọ̀tún. Mo ní ẹyẹ méjì jókòó lé e, wọ́n ń gòkè wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọn ò bẹ̀rù. Mo ní ọkọ̀ apẹja kan wà lókèèrè, kó yà díẹ̀ sósì. Ó yà sósì.

"Ìgbòkun ńkọ́? Ṣé ẹnu yẹn ń rẹ́rìn-ín?"

Mo wòkè. Afẹ́fẹ́ ti kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, gbogbo ehín rẹ̀ ló wà níta. "Ó ń rẹ́rìn-ín gan-an."

"Máa sọ ọ́ lọ."

Mo ń sọ ọ́ lọ. Nígbà tí a fi padà sétí omi, ohùn mi ti há, aṣọ mi rẹ dé itan. Ó jẹun, ó sì bèèrè òmíràn.

Kó tó sùn, ó ní, "Lọ́la ńkọ́?"

Mo ní aṣọ àwọn ènìyàn wà nílẹ̀ tí mi ò tíì rán. Ó ní òun mọ̀. Mo nu túúbù náà gbẹ, mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí mi ò ti ní máa wá a kiri láàárọ̀.